Ọtí Tí Mo Dà Sára Enoch Hattersley

Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kí ikọ́ yìí tó pa mí. Mi ò ní gbé irọ́ yìí wọ inú sàréè ní Sheffield níbí. Inú ń bí mi sí Ọ̀gá Thorpe tó ni iléeṣẹ́ wa, ó sì ń bí mi sí ara mi, èmi Jabez Dungworth, jù ú lọ.

Ẹ mọ ìkòkò ńlá tí a ń da irin yíyọ́ sí, tí a ń fẹ́ atẹ́gùn gba ìdí rẹ̀ kí irin náà lè le. Iṣẹ́ tí àwọn baba wa ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe, a ń parí rẹ̀ kí èèyàn tó jẹun ọ̀sán tán. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀gá rò pé kò yẹ kí a dúró de ohunkóhun mọ́. Lọ́jọ́ náà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi amọ̀ tuntun rẹ́ inú ìkòkò náà ni. Enoch Hattersley tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ọ̀gá, amọ̀ yìí ṣì tutù. Bí irin gbígbóná bá kan omi, ó máa bú gbàù ni o."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ń ṣe ojú irin ń dúró dè wá, ìwọ ń sọ̀rọ̀ omi! Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, lọ bá ìyàwó ẹ hun ìbọ̀sẹ̀ nílé."

Enoch wojú mi. "Jabez, bá mi sọ fún wọn." Èmi náà ti fọwọ́ kan amọ̀ yẹn. Mo mọ̀. Ojo ni mí, mo dákẹ́.

A da irin gbígbóná sí i, ìkòkò náà sì bú gbàù. Ẹ̀yìn ògiri ni mo wà. Enoch ló wà nídìí ẹ̀ níwájú, ibẹ̀ ló kú sí. Èéfín ò tíì lọ tán tí ọ̀gá fi ti ìgò ọtí bọ̀ mí lọ́wọ́: "Ó ti mutí yó, òun ló ṣi ẹ̀rọ lò. Ṣé o gbọ́? Mò ń wá fóòmàn tó máa ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́." Ọkùnrin tí kò fẹnu kan ọtí rí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní Bíbélì níbí! Èmi ni mo da ọtí náà sí i lẹ́nu, sí i láyà, tí ara rẹ̀ ṣì gbóná. Mo tún lọ búra fún àwọn tó wá wádìí ikú rẹ̀.

Keziah ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sáàárín yín yìí, sáré dé, ó tẹ̀ba láti fẹnu kò ó lẹ́nu, ó gbóòórùn ọtí, ó sì nàró. Ó ní, "Enoch, ìwọ náà?" Ẹkún dá lójú rẹ̀. Kò tẹ̀ lé wa lọ sin ín. Ẹ̀yin náà sì ń fi bàbá wọn bú àwọn ọmọ rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, bí ẹnì kejì yín bá sọ pé amọ̀ ṣì tutù, ẹ má jẹ́ kó dá a sọ. Keziah, mo bẹ̀ ọ́... Rárá, má dá mi lóhùn. Ẹ yàgò fún un lẹ́nu ọ̀nà. Itẹ́ òkú ló ń lọ, sídìí sàréè ọkọ rẹ̀.