Báńkì Ló Ni Ara Ẹja

Nígbà ìjọba òyìnbó, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin méjì tí ń ta ẹja gbígbẹ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Igbókòdá.

Èyí àgbà ní, "Wọ́n ní orí ẹja nìkan lẹ ń jẹ nílé yín. Ṣé ẹ ti di ológbò ni?"

Èkejì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, báńkì jẹ́ kí ọkọ mi gba owó ju èyí tó ní níbẹ̀ lọ, ó fi ra àwọ̀n, ó wá di gbèsè. Oṣooṣù ni èlé ń gorí èlé. Báńkì ló ni ara ẹja, àwa la ni orí, títí a ó fi san án tán."

Àgbà náà fún un ní odindi ẹja kan. "Gbà, fún àwọn ọmọ."

Ó dúpẹ́, ó ṣẹ́ orí rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì ju ara ẹja náà sínú apẹ̀rẹ̀ ọjà.

"Háà! Báńkì ti gba ẹja mi!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ku oṣù méjì."