Mo Gbọ́ Igbe Rẹ̀ ní Kọ́nà Ọgbà Gẹdú

Ẹ jókòó. Ẹni tó bá ti wọ bàtà, kó tú okùn rẹ̀ díẹ̀, eré àárọ̀ yìí á dúró dè wá. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi tí mo ti ń gbé mì láti ọdún púpọ̀ wá, òní ni mo fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde. Ẹ má wò mí bí ẹni tó fẹ́ sunkún, mi ò ní sunkún. Dókítà ti sọ fún mi pé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi yìí kò ní jẹ́ kí n rí ìgbà ìrúwé mìíràn, mo sì dá a lóhùn pé ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹ̀yin lẹ ń pè mí ní àwòkọ́ṣe. Ẹ̀yin lẹ gbé àwòrán mi kọ́ sára ògiri yìí, èmi tí mo gbé ife sókè, tí mo ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ẹ gbé kọ́ fún yín.

Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ṣiṣẹ́ títí irun mi fi funfun. Aṣọ ibùsùn ni mò ń lọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, nínú ooru tó ń mú kí ògiri pàápàá máa làágùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Áyọ́ọ̀nù. Bí mo bá délé, bàbá àwọn ọmọ á pè mí, màá dúró. Ìyá ọkọ á pè mí láti inú yàrá, màá dúró. Ọmọ á ní òun ò rí ìbọ̀sẹ̀ òun, màá fi ìkòkò sílẹ̀, màá dúró. Mi ò ka èyí sílẹ̀ láti fi bẹ̀bẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó kọ́kọ́ wọ bàtà eré ìje wá sí ọ̀dọ̀ yín ni: obìnrin tí kò tíì lọ síbì kan láyé kí wọ́n má pè é padà.

Onídìrí tó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa ló mú mi wá. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ mọ̀ ọ́n, Ẹlẹ́sẹ̀ Fúyẹ́ la ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó kan ilẹ̀kùn mi, ó bá mi tí mo ń ká aṣọ, ó ní, "Ìyá Áyọ́ọ̀nù, wọ bàtà jàre. Aṣọ ò ní sá lọ, ìwọ ni kó o sá." Bàbá àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín láti orí àga. Ó ní, "Ta ló ń lé yín?" Ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin náà ni, sà." Ó sì fà mí jáde. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà yẹn, Ọ̀gá Fèrè ló ń kó wa sá eré, bàbá tó ti fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà káàkiri àdúgbò títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí fèrè kékeré kan kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Láti òpó iná kan sí èkejì, ó ní ká sá a tagbára tagbára. Láti èkejì sí ẹ̀kẹta, ká máa rọra sá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gun òkè tó lọ síbi tánkì omi nínú òtútù, tí èémí wa ń jáde bí èéfín. Alápatà kan wà láàrin wa tó ní torí ikùn lòun ṣe wá, àmọ́ ẹnu nìkan ló ń sáré ní tiẹ̀. A rẹ́rìn-ín gan-an nígbà yẹn. Inú mi dùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ní ohun kan tó jẹ́ tèmi.

Ẹlẹ́sẹ̀ Fúyẹ́ ló máa ń wà níwájú, èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo mọ̀ jù lọ láyé yìí, ju ẹ̀yìn ọkọ mi lọ. Ẹ má rò pé ó ṣe mí ní ìkà rí. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ mí ni pé ó máa ń wà níwájú. Bí eré ìje ìgbà ìrúwé bá ti parí, òun ni yóò gba ife àwọn obìnrin tó ti kọjá ogójì ọdún, èmi ni màá bá a gbé báàgì délé. Wọ́n á ní, "Ọ̀rẹ́ rere nìyí." Inú mi á máa hó.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí eré ìje ti sún mọ́lé, ọ̀rẹ́ mi ṣi àtẹ̀gùn gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yí. Ọrùn ẹsẹ̀ náà wú bí búrẹ́dì. Ó ní, "Ìwọ tó o wà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, bá mi bi wọ́n." Mo bi wọ́n lóòótọ́. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì àgbà kan níbi tó ti ń kó aṣọ ibùsùn. Obìnrin náà gbé aṣọ sílẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, "Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ kó jókòó. Iṣan tó di ibẹ̀ mú ló ti fẹ́ já yẹn. Tó bá sáré lé e lórí, ó lè má rìn dáadáa mọ́ láyé." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ra báńdéèjì nígbà tí mò ń lọ sílé. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, mo kúnlẹ̀, mo ń di ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní, "Nọ́ọ̀sì ní ó kàn wú lásán ni. Ó ní kó o dì í dáadáa, kó o máa sá eré ẹ lọ."

Ó ní, "Ó dá ẹ lójú?"

Mo ní, "Ṣé màá parọ́ fún ẹ ni?"

Ó jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́ bí omi. Ẹ fẹ́ mọ ìdí? Mo lè ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sá eré láìrí ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú mi. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì tó kù ni pé mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ kí n lè borí rẹ̀. Bí kò bá sá, wọ́n á ní torí pé kò sí níbẹ̀ ni mo ṣe rí ife gbà. Mo fẹ́ kó wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ máa dùn ún. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ìkùukùu bo ojú títì lọ́jọ́ eré ìje náà. A ti tú ká, kò sí ẹlòmíràn nítòsí àwa méjèèjì. Ó ṣì wà níwájú mi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn! Nígbà tí a dé kọ́nà tí ògiri ọgbà gẹdú ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo sún mọ́ ọn, mo bá a dọ́gba, mo kọjá. Bí mo ṣe kọjá ni mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí wọ́n bá dá igi tútù. Ó ké. Lẹ́yìn náà, ó pè mí. Kò pè mí ní Ìyá Áyọ́ọ̀nù. Orúkọ àbísọ mi ló pè, èyí tí ẹnikẹ́ni ò pè mọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ó ní, "Jọ̀ọ́, dúró!"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, èyí ló mú. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti tẹrí ba di ẹsẹ̀ náà mú, kò rí ojú mi, àmọ́ èmi rí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí i pé ó kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Mo yí padà, mo sì sá lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Mi ò ṣèèṣì. Mo yára sí i.

Lẹ́yìn kọ́nà ni tábìlì omi wà, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi ló dúró tì í, tó ń fún wa lómi. Ó ti gbọ́ igbe náà láti ibẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ohùn ta nìyẹn?" Mo gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó ju ife ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré gba ibi tí mo ti ń bọ̀ lọ, èmi ń sáré gba ibi tí ìlà òpin wà lọ. Àwòrán tó wà lára ògiri yẹn, lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n yà á.

Ọ̀rẹ́ mi ò lè dúró lórí ẹsẹ̀ dirun mọ́. Orí àga gíga ló ń jókòó sí báyìí, ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo yín lẹ ń yìn mí pé mò ń bá a pọnmi, mò ń bá a fọṣọ. Àmọ́ ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ìwòsàn lẹ́yìn eré ìje náà. Ọmọ rẹ̀ nawọ́ sí mi, ó ní, "Màmá, wọ́n gbọ́ yín. Bí mo ṣe gbọ́ lókèèrè, báwo ni wọn ò ṣe ní gbọ́?" Ìyá rẹ̀ dìde jókòó pẹ̀lú gbogbo ìrora yẹn, ó ní, "Pa ẹnu ẹ dé. Ọ̀rẹ́ mi ò lè gbọ́ ohùn mi kó má dúró. Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kó o má wọ ilé mi mọ́." Ọmọ náà ò tọrọ àforíjì. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Èmi jókòó síbẹ̀, mò ń bẹ èso fún aláìsàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí dókítà ti sọ tẹnu rẹ̀, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ gbogbo rẹ̀, ti nọ́ọ̀sì, ti kọ́nà. Ó ń ká tówẹ́ẹ̀lì, kò dáwọ́ dúró. Ó bi mí pé, "Ṣé o bojú wẹ̀yìn?" Mo ní mo bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "O rí ẹsẹ̀ mi?" Mo ní mo rí i. Ó ká tówẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni mo rò pé o gbà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi lo gbà. O jẹ́ kí n lé ọmọ mi torí ìwọ." Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Má wá sunkún sí mi lára. Ẹnu tó o fi sọ ọ́ fún mi, lọ fi sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Kí ọmọ mi gbọ́."

Mo ti sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yọ àwòrán yẹn, kó yọ ọ́. Àmọ́ ife yẹn wà nílé mi, mi ò ní dá a padà. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi sá a. Mi ò sì ní tọrọ àforíjì pé mo fẹ́ borí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ wà níbí, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá dúró ti ìkòkò nígbà tí ẹ ń de okùn bàtà, ẹ máa lọ. Àmọ́ ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bínú sí. Àwọn tó dá mi dúró ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọwọ́ mi ò tó wọn. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn mi pé kí n wá sáré, òun ni mo gbẹ̀san lára rẹ̀.

Ìwọ tó o ká ọwọ́ sáyà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mi ò ní kó o dárí jì mí. Bí o bá fẹ́, máa kórìíra mi lọ, ó tọ́ sí ẹ. O ò parọ́. Ohun tó o gbọ́ lo gbọ́, èmi náà gbọ́ ọ. Ìyá ẹ ti mọ̀ báyìí. Ó fẹ́ tẹ̀ lé mi wá, ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn wa yìí, ó wà nísàlẹ̀ lójú títì níbi tó ti fi ọ̀pá tilẹ̀. Má dúró kí n parí ọ̀rọ̀. Sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.