Èmi Ni Mo Ní Kí Lazarus Má Gbé Iṣu Wá

Ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ wá kí mi ní Fordham níbí, ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Dókítà ti ní kídìnrín mi kò lè gbé mi dé ọdún tuntun, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀. Oyíndà ọmọ mi, tan fóònù rẹ, kí o gba ohùn mi sílẹ̀. Èyí tí kò bá yé ọ nínú Yorùbá mi, bi Pásítọ̀.

Ní abúlé wa, ìdílé mi ló ni ilẹ̀. Bàbá mi àgbà ló fún bàbá Lazarus láyè kó fi dá oko kòkó, Lazarus sì jogún oko náà. Ìṣákọ́lẹ̀ tó ń gbé wá fún wa lọ́dọọdún kò ju iṣu tuntun àti epo pupa lọ. Àgbẹ̀ tó bá ń san án, ilẹ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá kọ̀ ọ́, ó ti sọ ara rẹ̀ di olè ilẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí bàbá mi kú, èmi àkọ́bí di olórí ẹbí láti New York níbí. Èmi tí mo ń nùdí fún arúgbó ẹlòmíràn, ọba ni mí lójú Lazarus. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ "ìwọ" ni mò ń pè é. Ìgbéraga òmùgọ̀!

Lọ́dún tí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ yọjú, Lazarus pè mí: "Bàbá, iṣu ti ta o. Ta ni kí n gbé e fún?" Mo ní, "Fi sílẹ̀, Lazarus. Ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ jẹ ẹ́." Ó gbàdúrà fún mi títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò mọ̀ pé ìdẹ ni. Lọ́dún kejì, mo tún sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni mo pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì gbọ́ ẹ̀rí mi lórí fídíò láti inú pálọ̀ yìí. Mo gbé Bíbélì sókè, mo ní Lazarus kọ̀ láti san ìṣákọ́lẹ̀. Ó dìde ní kóòtù: "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbé e wá?" Mo ní irọ́ ló ń pa. Kóòtù dá mi láre, mo ta ilẹ̀ náà, katapílà sì wọ oko náà tòun ti èso kòkó lórí igi. Kò sí onílẹ̀ kan lágbègbè yẹn tó tún fún un láyè, torí wọ́n ní ó kọ ìṣákọ́lẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Ó kù. Nígbà tí àìsàn yìí dé, ẹ̀rù bà mí, mo pè é láti tọrọ àforíjì. Kí n tó lanu, ó ti ń bẹ̀ mí: "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Bóyá mo ṣẹ̀ yín tí n kò mọ̀. Ẹ bá mi bẹ àwọn onílẹ̀, ebi ń pa wá." Háà, ìkà ni mí! Mo ní, "Kò burú, mo ti dárí jì ọ́." Mo pa fóònù. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú.

Kí lo wí, Oyíndà?

"Daddy, ṣé torí school fees mi ni?"

Rárá, ọmọ mi. Torí ilé tí mo fi owó ilẹ̀ náà kọ́ sílé ni, n kò sì ní sùn nínú rẹ̀ láé. Ẹ jọ̀wọ́, Daniel ọmọ Lazarus ń ṣe lébìrà káàkiri oko olóko. Ẹ fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí i, kó gbé e dé iwájú àwọn onílẹ̀, kí wọ́n lè fún un ní ilẹ̀ tí yóò fi dáko. Bàbá rẹ̀ kò kọ ìṣákọ́lẹ̀ rí. Ní ti èmi, n kò mọ ẹni tí n óò bẹ̀ mọ́. Ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ ti bẹ̀ mí, ó sì ti lọ.