Orúkọ Tí Mọ́ríátù Sọ Mí

Bàbá Mọ́ríátù, mo fi Ọlọ́run búra fún yín, ọ̀rọ̀ mi kò ní gùn. Kí odó tí mo ń gbọ́ ní ẹ̀yìnkùlé yẹn tó dákẹ́, n ó ti parí rẹ̀.

Nítorí ọmọ yín tí ẹ fún àbúrò mi Jàlálù ni mo ṣe wá láti Ìlobù. Ẹ má sọ pé bóyá kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an ni mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún kálukú. Mo mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Àbíkẹ́yìn bàbá wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́, tí kò tíì ka a-bí-dí tán, Akọ̀wé ló ń pè é. Mùíbátù àbúrò mi, tí ìbàdí rẹ̀ kò gba ìlẹ̀kẹ̀ kan dúró, Ìbàdí-Àrán. Mi ò jà. Ó wá kan èmi Hàmídù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì láàárọ̀, ó ní, “Ẹ kú ojúmọ́, Bùrọ̀dá Omi-Ọwọ́-Dà.”

Tó bá jẹ́ pé ó dúró ni, mo lẹ́jọ́ rò. Ta ló ń bínú sí ẹni tó kúnlẹ̀? Mo ti ní “dìde, ọmọ dáadáa” kí n tó gbọ́ ohun tó pè mí.

Kí ni mo ṣe? Bí mo bá bá wọn nídìí oúnjẹ, tí wọ́n ní kí n wá jẹun, mo máa ń béèrè omi ìfọwọ́. Wọ́n ní ó yẹ kí n sọ pé “á gba ibi ire” kí n sì máa lọ. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa nígbà tí wọ́n pè mí? Ní Ìlobù lónìí, ènìyàn á ní “ẹ wá jẹun”, á sì máa fi ojú bẹ ẹni pé ká má wá. Èmi tí mo gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ ni wọ́n sọ lórúkọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ọmọ ọkọ̀ bọ́lẹ́kájà dá mọ́tò dúró fún mi ní Ẹ̀rìn: “Ẹ sún, kí Bùrọ̀dá Omi-Ọwọ́-Dà rí ibi jókòó.” Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni o.

Ẹ mọ Hàfúsátù, opó tó ń ta iyọ̀ ní Ìfọ́n níbí. Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ mi kó tó ní kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun wá wádìí mi wò. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n dé Ìlobù. Wọ́n béèrè Hàmídù yí àdúgbò ká, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àdúgbò tí wọ́n ti bí mi, Bàbá. Ìgbà tí wọ́n júwe ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tó kọ gọ̀m̀bọ́, Akọ̀wé, ọmọ a-bí-dí, ní, “Bùrọ̀dá Omi-Ọwọ́-Dà lẹ̀ ń wá? Ẹ dúró dè é níbí, a fẹ́ jẹun.” Wọn ò dúró. Hàfúsátù sì ti ránṣẹ́ pé gbogbo iyọ̀ tí òun ń tà kò lè tó ọbẹ̀ tí n ó jẹ.

Ẹ ránṣẹ́ pe ọmọ yín. Kó gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ mi kó tó di Jímọ̀, kó fún mi ní òmíràn. Kó pè mí ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. N ó gbààwẹ̀ títí yóò fi bá mi mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó sọ òun náà lórúkọ, mi ò sì ní kúnlẹ̀ kí n tó pè é.

Ẹ gbọ́ nǹkan? Odó ti dákẹ́. Mo ní mi ò ní pẹ́.

Kí lẹ wí? Rárá, Bàbá, á gba ibi ire.

Ẹ tún un wí? Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ pè mí yẹn. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí? Tóò, èmi kì í kọ ọ̀rọ̀ sí àna lẹ́nu. Àmọ́ ẹ jẹ́rìí mi, mi ò béèrè omi. Láti Ìlobù ni mo ti fọ ọwọ́ mi wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìyẹn má dé etí Mọ́ríátù.