Inú Omi Ni Mo Ti Ń Wá Ìyàwó Mi

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí oorun ti dá lójú mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà ilé wa àti ti ìyàwó mi máa jókòó ní Ìlàpòrú, wọ́n á sì bi mí bóyá mo ṣì ń fẹ́ ẹ tàbí n kò fẹ́ mọ́. Ilé bàbá rẹ̀ ló wà báyìí. Ìyá mi ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ gbà á sílé mọ́. Inú ń bí mi débi pé n kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ n kì í lè jẹun nínú ilé tí kò sí.

Pákó ni mò ń tà ní Òkè-Àgbò. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní Àgọ́-Ìwòyè. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ní òun fẹ́ lọ kí àǹtí òun ní Mákùn-Omi, pé òun á dé lọ́jọ́ Àìkú. Mo fún un lówó ọkọ̀, mo tún ní kó bá mi ra ẹja gbígbẹ bọ̀. Àṣé irọ́ ni! Kùtọnù ni òun àti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Wọ́n ti háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n fẹ́ lọ wo òkun, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n gbádùn ara wọn.

Nígbà tó di Sátidé, ìròyìn dé ìsọ̀ wa pé ọkọ̀ ojú omi kan dànù nítòsí Mákùn-Omi. Mo pe ìyàwó mi, kò wọlé. Mo pè, mo pè, mo tún pè. Ta ló máa sọ fún mi pé síìmù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn bodè? Mo wá pe àǹtí rẹ̀.

"Kò dé ọ̀dọ̀ mi o, ọkọ wa," ni àǹtí náà wí. "Ṣé ọ̀nà ibí ló ń bọ̀ ni?"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tó kúrò nílé lánàá, tí kò dé ibi tó ń lọ, níbo ló wà? Mo gun ọ̀kadà lọ sétí omi. N kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ṣùgbọ́n mo wọ ọkọ̀ àwọn apẹja tó ń wá òkú. Nígbà tí wọ́n gbé obìnrin kan jáde, híjáàbù rẹ̀ jọ ti ìyàwó mi. Mo sún mọ́ ọn, mo ṣí aṣọ lójú rẹ̀, kì í ṣe òun. Mo pariwo Alhamdulilahi. Ọkọ obìnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú tó fi wò mí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Èmi fúnra mi ni mo pe ìyá ìyàwó mi pé a kò tíì rí òkú ọmọ rẹ̀. Ilé wa kún fún ẹkún. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ìyàwó mi wọlé tòun ti búrẹ́dì gígùn ará Kùtọnù lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ rí i, ó ṣubú lulẹ̀. Kí n lè gbà pé obìnrin nìkan ni àwọn tó bá a lọ Kùtọnù, ó fi fọ́tò hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Ní Sátidé yẹn kan náà, inú ọkọ̀ ojú omi lòun náà jókòó sí, ní abúlé kan tí wọ́n kọ́ sórí omi lọ́hùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi parọ́ fún mi.

"Bàbá Àmínà, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá, ẹ ní obìnrin ilé yín kì í sọdá bodè. Ká ní mo tún tọrọ ni, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n lọ?"

N kò ní jẹ́ kó lọ. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé ìyẹn wá tó kó sọ mí di ẹni tó ń ṣí aṣọ lójú òkú?

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú ọkọ̀ àwọn apẹja yẹn, mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé bí Ó bá lè dá a padà fún mi láàyè, ibikíbi tó wù kó ti bọ̀, n kò ní bi í ní ohunkóhun. Ó dá a padà. Àtìgbà náà ni mo sì ti ń bi í ní ìbéèrè. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n sọ fún wọn lọ́jọ́ Jímọ̀?