Ọmọ Tó Sọnù Sójúde Bàbá Rẹ̀

Wọ́n ní mo sọnù! Màdáámù, ẹ̀yin tí ìjọba ní kí ẹ máa rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹ ṣáà wo ojú mi dáadáa, ṣé ojú ẹni tó sọnù nìyí? Yàrá tí mo ń gbé ní Ajangbadi, fèrèsé bàbá mi gan-an ló kọjú sí. Títì kékeré kan ló là wá láàárín. Àárọ̀ tí mo bá jáde gbálẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn láti òdìkejì, ẹ káàárọ̀, Bàbá, wọ́n á sì ṣe bí ẹni pé adìẹ ló ń ké. Ẹni tó ń gbójú kúrò bẹ́ẹ̀ náà ló wá háyà kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ní gbohùngbohùn lórí, pé kí gbogbo Ọ̀jọ́ bá òun wá ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ ti ní kí n jókòó. Mo ti jókòó. Ẹnu mi ni kò rí àga.

Ẹ ní kí ló dé tí mo fi bá wọn wá ọmọ tó sọnù náà. Ṣé kí n wá jókòó sílé nígbà tí ọmọ aládùúgbò sọnù ni? Mo gbọ́ tí wọ́n ń kéde Maimunat, ọmọ Àlàní tó ń ta bátìrì ní Alaba, ni mo bá wé ìborùn bojú, mo bọ́ sẹ́yìn wọn, mo ń pe orúkọ ara mi ju gbogbo wọn lọ. A wá mi dé Igbó-Elérin. A wá mi dé ẹnu géètì Navy Town, wọ́n ní kí a yí padà. Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ fún mi lómi mu, ó ní Maimunat yìí á mà burú o, mo ní òótọ́ lẹ sọ, Màmá, ọmọ náà kò gbẹ̀kọ́ rárá. Ẹ má fi fáìlì bojú, màdáámù, mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé àwòrán tó wà lọ́wọ́ yín yẹn síbi ìmọ́lẹ̀, èyí tí bàbá mi mú wá pé kí ẹ fi wá ọmọdé tó sọnù. Kí ni mo gbé dání? Sísọ́ọ̀sì. Kí ló bo orí mi? Páúdà. Ọjọ́ fírídọ̀mù mi nìyẹn, ọjọ́ tí Àǹtí Àdìjá tó kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ rírán tú mi sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ṣí gbogbo eyín síta ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, tó ń wo òrùlé? Àwọn fúnra wọn ló gba máìkì lọ́jọ́ náà, wọ́n ní, "Maimunat, láti òní lọ, ìwọ lo ni ara rẹ. Máa lọ jẹ òógùn ojú rẹ." Gbogbo èèyàn ṣe àmín, èmi náà ṣe àmín. Àdúrà wọn gbà, mo kó ẹrù mi lọ sí yàrá tí Ìyá Yínúsà, aládùúgbò wa ní òdìkejì títì, fún mi. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ̀yin wá ṣí ìwé òfin, ẹ ní mi ò tíì pé ọdún méjìdínlógún, pé ọmọdé ni mí, pé ọmọdé kì í kúrò nílé òbí láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i, àti pé Ìyá Yínúsà tó gbà mí sílé ti rùfin. Háà. Ọmọdé. Níbo ni ọmọdé yìí wà nígbà tí wọ́n yọ mí kúrò nílé ìwé, tí mi ò tíì parí JS tú? Òfin ń sùn ni, àbí ó lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìbà? Níbo ló wà nígbà tí mo ń ru kẹ́ẹ̀gì omi kí àdúgbò tó jí, tí mo ń wẹ àwọn àbúrò mi, tí mo ń fọ ṣòkòtò ẹni tó jókòó yìí, kí n tó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí ìgbátí sì ń dúró dè mí níbẹ̀ bí mo bá pẹ́? Nígbà yẹn, àgbà ni mí. Ìyá ilé ni wọ́n ń pè mí.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́, màdáámù, pé nígbà tí bàbá mi wọlé síbí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé láti ìgbà tí mo ti lọ, omi ò sí nínú dúrọ́ọ̀mù mọ́. Ẹ lọ fi dúrọ́ọ̀mù ṣe ìkéde, òun ló sọnù.

Èmi ò bá òfin jà o. Ó tiẹ̀ ti ń dùn mọ́ mi. Bí mo bá jẹ́ ọmọdé, ẹ jẹ́ kí n ṣe é yó. Ẹ kà á síta fún wọn, ibi tó ní kí òbí rán ọmọ lọ sílé ìwé. Kí wọ́n lọ ra bàtà àti sọ́ọ̀kì. Ẹ ka ibi tó ní a kì í di iṣẹ́ tó pọ̀ ju agbára ọmọdé lọ rù ú, omi di tiwọn nìyẹn. Màá máa sùn títí oòrùn á fi yọ. Màá máa sunkún bí ẹran bá kéré.

Tàbí kí wọ́n sọ gbólóhùn kan tí ẹ ní ó lè parí ẹ̀, pé àwọn fọwọ́ sí i. Kí n máa gbé òdìkejì títì níbi tí ojú wọn ti ń tó mi, kí n máa rán aṣọ mi, kí ẹnikẹ́ni má yọ Ìyá Yínúsà lẹ́nu. Mi ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èwo ni wọ́n fẹ́?

Wọ́n ní kí n dìde, ká máa lọ sílé? Ó dáa. Mo ti bọ́ bàtà mi. Mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oòrùn ń ta, láti ọ́fíìsì yín ní Òkòkò níbí dé Ajangbadi sì jìnnà sí ẹsẹ̀ ọmọdé. Màdáámù, ẹ bá mi wá ọ̀já. Bàbá mi ni yóò pọ̀n mí délé.

Bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.