Ọwọ́ Tó Rọ Ọmọ Náà Lẹ́kọ

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn ọmọdé ni mo sì ń tọ́jú. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi tí ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, àmọ́ obìnrin tí mo ṣẹ̀ ti wá jókòó síwájú mi, kò sì dá mi mọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó, mo ń dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ.

Iléṣà ló ti ṣẹlẹ̀, kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Obìnrin kan gbé Jídé, ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, wá sí ilé ìwòsàn wa láti Ìwàrà. Òtútù àyà ni. Ọmọ náà ń mí lókèlókè. Sístà àgbà, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, bá ìgò àgbo nínú ẹrù ìyá rẹ̀, ó gbà á, ó sì bú obìnrin náà níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù.

Òfin wa kò ṣòro: ọmọ tí kò lè mí dáadáa, a kì í rọ ọ́ ní ohunkóhun. Ẹ gbé e jókòó, ẹ fi ṣíbí bu ẹ̀kọ fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé e mì kí ẹ tó bu òmíràn. Mo mọ̀ ọ́n sórí.

Ṣùgbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí wọ́n ti tọ́ mi. Nílé wa, ọmọ tí a kò bá rọ, a ní kò yó. Ìyá mi á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu rẹ̀ bí ife, á fún imú rẹ̀ pọ̀, á da ẹ̀kọ sí i. Ọmọ tó bá fẹ́ mí gbọ́dọ̀ gbé e mì. Ọwọ́ mi ti mọ èyí kí orí mi tó mọ ìwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Jídé lọ fọ aṣọ lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Ó fi ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀kọ ń tutù, àwọn ọmọ yòókù ń ké, Sístà sì fẹ́ bá ife lófìfo. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Mo tẹ́ Jídé sórí itan mi, mo rọ ọ́.

Ẹ̀kọ náà pá a lórí. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo gbá a lẹ́yìn, mo kígbe. Kí Sístà tó dé, ó ti dákẹ́.

Sístà rí ẹ̀kọ nínú etí ọmọ náà. "Ta ló rọ ọmọ yìí?"

Ìyá rẹ̀ ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. Mo nawọ́ sí i. "Ìyá rẹ̀ ni. Ó rọ ọ́ kó tó jáde. Mo kìlọ̀ fún un, kò gbọ́."

"Èmi kẹ̀? Nọ́ọ̀sì, èmi kẹ̀?"

Ta ni yóò gba ẹni tí wọ́n bá àgbo lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́? Ìyá ọkọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìwàrà jágbe mọ́ ọn: "Ọlọ́wọ́ ikú! O gbé e dé ibi ìwòsàn tán, o tún pa á!" Mo dúró níbẹ̀.

Mo wá sí Òṣogbo, mo lọ́kọ, mo sanra. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní tèmi, irọ́ ni. Èmi tí mo ṣu ò gbàgbé.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí kíléníìkì wa. Ibà lásán ni, àmọ́ ètè ọmọ náà ti bó, ojú rẹ̀ ti jìn wọlé. Mo jágbe mọ́ ìyá rẹ̀: "Ṣé ẹ kì í fún un lómi ni?"

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni kò dára. Aládùúgbò mi ló ń bá mi bọ́ ọ, ó sì ti rìnrìn àjò. Ọwọ́ yìí ló pa àkọ́bí mi ní Iléṣà. Mi ò rántí pé mo rọ ọ́ o, àmọ́ nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ rí mi. Bóyá omi tí mo tọ́ sí i lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Nọ́ọ̀sì ò kúkú ní í puró."

Ìyá Jídé ni. Mo fi ṣíbí sí i lọ́wọ́, mo di ọwọ́ náà mú, a jọ ń bu omi fún ọmọ náà. Ó mu ún. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ń ṣàdúrà fún mi. Mi ò lè ṣe àmín.

Ó ń wá ní gbogbo ọjọ́ kíléníìkì báyìí. Lójú mi nìkan ló ti lè bọ́ ọmọ rẹ̀. Nílé, ẹ̀rù ṣì ń bà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ bá àlùfáà. Mo ti lọ. Ó ní Ọlọ́run ti dárí jì mí. Àmọ́ Ọlọ́run kọ́ ni mo nawọ́ sí lọ́jọ́ náà. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi lè lọ, ọkọ mi lè lé mi. Bí mo bá dákẹ́, òùngbẹ lè pa ọmọ kejì. Mo ti pinnu pé n ó sọ ọ́. Bí ẹnu mi ṣe máa là ni mi ò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ wo ni ẹ̀yin ì bá fẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ?